Bí a ṣe ń gbé nínú ìjọ kékeré: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ ìjọ tó fẹ́ wúlò

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá ara rẹ̀ nínú ìjọ tí àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kò ju 30 tàbí 40 lọ. Ó lè jẹ́ tíṣà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú náà, ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀, ó lè jẹ́ obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ wá sílé, ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ti Èkó tàbí Ìbàdàn padà sí ìlú baba rẹ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ti Áńgílíkà tó wà ní àwọn ìlú kékeré ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí ibẹ̀ ni ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tàbí ti Àpọ́sítélì náà yóò rí ohun tó lè mú lò.

Ní ìjọ ńlá, ènìyàn lè wá, kí ó gbọ́ ìwàásù, kí ó sì lọ sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wá. Ní ìjọ kékeré, kò sí àyè fún òǹwòran. Iṣẹ́ kékeré kan tí ènìyàn ń ṣe láìyẹsẹ̀ fún ọdún mélòó kan wúlò fún irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ju ọrẹ ńlá tí a ta lọ́jọ́ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ ṣe wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ogun ti kó lọ, tí wọ́n sì gba ìgbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó, ni wọ́n mú un padà wálé nígbà tí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, rọlẹ̀. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń gbàdúrà kí àlùfáà kankan tó wá bá wọn. Ìjọ tí ẹ ń lọ lónìí lè jẹ́ èso irú àdúrà inú ilé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣì gbé e dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni

Kí ẹ tó dá ohunkóhun lábàá, ẹ fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta wo bí ìjọ ṣe ń rìn. Nínú ètò Mẹ́tọ́díìsì, àlùfáà kan lè máa bójú tó ìjọ mélòó kan tí a so pọ̀ sí sákíìtì kan, ìdí sì nìyí tí ìjọ kékeré fi lè máà rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi yòókù, oníwàásù tí kì í ṣe àlùfáà ni yóò wá, gẹ́gẹ́ bí ìwé ètò ìwàásù ti sákíìtì ṣe là á sílẹ̀: orúkọ àwọn ìjọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ wà lókè, orúkọ oníwàásù sì wà níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ béèrè ìwé yìí, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n kà, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé oníwàásù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti ìlú mìíràn gun ọ̀kadà wá nínú òjò yóò mọ̀ pé ó yẹ kí omi gbígbóná àti oúnjẹ ti wà nílẹ̀ dè é. Àwọn ìríjú ló ń gbé ìjọ ró láàárín ìgbà tí àlùfáà kò sí. Àwọn ni wọ́n ń gba oníwàásù lálejò, tí wọ́n ń ṣọ́ owó, tí wọ́n sì ń rí i pé búrẹ́dì àti wáìnì wà nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nínú ìjọ Áńgílíkà, katikísì, ìyẹn olùkọ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ló sábà máa ń wà nítòsí láti darí ìsìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Oyè ọlá ni ti Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ. Ẹni tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ lè máà sí ní gbogbo ìpàdé, síbẹ̀ bí ó bá yọ ọwọ́ kúrò nínú ọ̀ràn kan, ó ṣòro kí ọ̀ràn náà tó lọ síwájú. Ẹ lọ kí wọn nílé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ bó ti yẹ, kí ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá àti ìdí tí ẹ fi wà ní ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn ìjọ fún yín. Ẹ má ṣe kánjú kúrò níbẹ̀, nítorí wọn yóò dárúkọ àwọn tí ẹ kò ní bá nínú ìwé kankan.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa fetí sí ìdáhùn àwọn ìbéèrè kéékèèké. Ta ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ń gbálẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta? Ta ló ń fọ aṣọ tábìlì Olúwa? Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ló máa ń fi ẹni tó di ìjọ mú hàn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ìkéde.

Ní ìlú kékeré, ará ìjọ kan náà tún jẹ́ ẹbí kan náà, wọ́n jẹ́ àna ara wọn, wọ́n sì pààlà oko. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín agboolé méjì lè ti wà nínú ìjọ fún 20 ọdún, kí àwọn méjì tó ń bá ara wọn ṣe é sì máa kọ orin kan náà lórí àga tó kọjú síra. Àlejò tó bá yára gbè sẹ́yìn ẹnì kan kò ní mọ ohun tí òun ti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì wọ kíláàsì

Ẹ mú lẹ́tà wá láti ìjọ tí ẹ ti ń bọ̀. Òun ni yóò jẹ́ kí àwọn ìríjú mọ̀ bóyá ẹ ti ṣèrìbọmi, bóyá ẹ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àti iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti wọlé, ẹ béèrè kíláàsì tí a fi yín sí, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí a pín àwọn ọmọ ìjọ sí lábẹ́ olórí kan.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ kíláàsì díẹ̀, nítorí mo gbà pé kò sí ohun tí baba wa fi sílẹ̀ fún ìjọ kékeré tó níye lórí tó o, kò sì sí èyí tí a ti jẹ́ kó bàjẹ́ tó o. Ní ọdún 1742, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Ọ̀kan nínú wọn dábàá pé kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni kò ní lè san án. Ó dáhùn pé kí wọ́n pín ìjọ sí ẹni méjìlá-méjìlá, pé kí wọ́n fi àwọn tó tòṣì jù sí abẹ́ òun, òun yóò máa lọ bá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun yóò sì fi tòun dí èyí tí wọn kò bá rí san. Bí àwọn agbowó ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí a kì í rí nínú ìsìn: ọkọ tó ń bá ìyàwó jà, ẹni tó ti padà sídìí ọtí. John Wesley, olùdásílẹ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, rí i pé ohun tí òun ti ń wá láti ìgbà pípẹ́ nìyí, ó sì sọ olórí kíláàsì di ẹni tí yóò máa béèrè àlàáfíà ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú ènìyàn ló dà.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ó ti padà di owó. A ń gba owó kíláàsì, a ń fa ìlà sínú káàdì, ó parí. Bí a bá fi yín ṣe olórí kíláàsì, tàbí bí olórí yín bá gbà kí ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ lè dá a padà sípò láìjẹ́ pé ẹ yí òfin kankan padà. Ẹ pín àwọn ọmọ kíláàsì ní àdúgbò-àdúgbò, kí ẹni tó ń gbé lápá ọjà má baà máa rìn dé apá kejì ìlú. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ojú ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ilé, nọ́ńbà fóònù, àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, àìsàn tó ń bá a fínra, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí a bẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ẹni tó bá pa ìsìn jẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ rí i pé ẹ dé ilé rẹ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi kẹta tó pé.

Ìbẹ̀wò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ má sì lọ nígbà tí iṣu wà lórí iná. Ẹ mú ẹnì kan dání, pàápàá bí ó bá jẹ́ ilé obìnrin tó ń dá gbé. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè oko, kí ẹ sì gba ìjókòó tí wọ́n bá fún yín. Ẹ má fi “a kò rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò wá mọ̀ pé òun kò wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá dákẹ́ díẹ̀, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́: bàtà ti já, orúnkún ń dùn ún, tàbí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́yìn ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá tí kò lè gbàgbé. Àdúrà kúkúrú tó dárúkọ ohun tí onílé sọ sàn ju gígùn tó lọ yí ayé ká. Ohun tí ẹ bá rí nínú ilé kan, ẹ má gbé e dé ilé kejì, àní kí ẹ má sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí kókó àdúrà. Kíláàsì tí ọ̀rọ̀ ti ń jò kò ní rí ẹni tí yóò tún sọ òótọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ẹni tó bá kàwé díẹ̀ ni ìjọ kékeré máa ń di gbogbo nǹkan rù: akọ̀wé, akọrin, olùkọ́ ọmọdé, akápò, alága ìkọ́lé. Lẹ́yìn ọdún méjì, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ sọ fún àwọn ìríjú pé èyí ni ẹ lè ṣe, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ kò ní lè ṣe èyí tó kù. Lílù agogo lásìkò jẹ́ iṣẹ́. Kíkọ nọ́ńbà orin sórí pátákó jẹ́ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímú kí ìyá tí kò ríran dáadáa dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ó sì padà sílé.

Kíka Bíbélì létí ìjọ tọ́ sí ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé òun ni a sábà máa ń fún ẹni tuntun. Ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń lo Bíbélì tó ti inú iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884. Àkọtọ́ àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹni tó bá ṣí i létí ìjọ láìkà á ṣáájú yóò pe ọ̀rọ̀ kan bí òmíràn, ìtumọ̀ yóò sì dàrú mọ́ àwọn tí etí nìkan ni wọ́n fi ń ka Bíbélì. Ẹ gba ẹsẹ náà ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kà á sókè nílé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣì yín lọ́nà, ẹ pe orúkọ àwọn ìlú àti ọba títí tí ahọ́n yóò fi mọ́ ọn. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn, tí kò kàwé, yóò mọ̀ pé ẹ múra sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó ìjọ

Níbi owó ni ìjọ kékeré máa ń tú sí, kì í sì í sábà jẹ́ nítorí olè. Àìkọsílẹ̀ ni. Ẹni rere kan ń tọ́jú owó nínú àpótí nílé, ó ń fi rántí, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó yá díẹ̀ níbẹ̀, ó gbàgbé iye rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò dá gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó sọ nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 8, pé àwọn mìíràn bá òun lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn, kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè dára lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú.

Bí a ó ṣe kà á rèé. Lẹ́yìn ìsìn, kí ẹni mẹ́ta tí wọn kì í ṣe ará ilé kan náà jókòó sídìí tábìlì, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. A ó da ọrẹ sórí tábìlì, a ó to ₦1,000 lọ́tọ̀, ₦500 lọ́tọ̀, ₦200 lọ́tọ̀, títí dé àwọn kéékèèké tí ó ti gbó, èyí tí a ó fi ọwọ́ tẹ́ kí a tó kà á. Ẹni kìíní yóò kà, ẹni kejì yóò tún un kà láìjẹ́ pé ẹni kìíní ti sọ iye tó rí, ẹni kẹta yóò fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Apò ìdámẹ́wàá àti ti ọrẹ ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ dá wà, kí a kọ orúkọ àti ìdí tí a fi mú un wá, nítorí owó tí ènìyàn fi sílẹ̀ fún páànù kò gbọ́dọ̀ di owó epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ Ajé, owó yóò lọ sí báńkì, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ, tí ó kéré tán ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ohunkóhun tó jáde níbẹ̀. Bí báńkì bá jìnnà, tí ó sì jẹ́ ọ̀dọ̀ oní-POS ni ẹ ti fi ránṣẹ́, ẹ lẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ojú ìwé ọjọ́ náà kí inki rẹ̀ tó ṣá, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ kọ iye owó àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ka ìṣirò náà létí gbogbo ìjọ ní Yorùbá, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ìbéèrè kò túmọ̀ sí ìfura. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, tó mú ₦200 wá, ní ẹ̀tọ́ kan náà láti mọ ibi tí owó lọ pẹ̀lú ẹni tó fúnni ní gbogbo bẹ́ǹṣì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó fúnni ní gbogbo bẹ́ǹṣì tilẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́rẹ kan ṣoṣo lè gba ìjọ kékeré lọ́wọ́ gbèsè, ó sì lè sọ ọ́ di ti ilé rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ gba inú ìwé kan náà kọjá, kí ìpàdé ìjọ sì pinnu ohun tí a ó fi ṣe. Jákọ́bù orí 2 ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fi òrùka wúrà wọlé tí a gbé sí ìjókòó dáradára, tí a sì ní kí tálákà dúró lọ́hùn-ún. Ohun kan náà la ń ṣe nígbà tí a bá bu owó kan náà lé opó àti oníṣòwò lórí. Bí ìjọ bá gbọ́dọ̀ dáwó, ẹ là á sí ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan èyí tí agbára rẹ̀ gbé, kí a má sì ka orúkọ ẹni tí kò tíì san síta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìkórè

Ìdúpẹ́ ìkórè ni ọjọ́ tí ìjọ kékeré máa ń rí gbogbo ọmọ rẹ̀, títí kan àwọn tó ti Èkó wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ní ìlú àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí irè oko ṣì jẹ́ irè oko: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àgbàdo, epo pupa, adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀. Ìjọ tó bá sọ gbogbo rẹ̀ di àpò ìwé olówó ti gba ọ̀nà tí àgbẹ̀ fi ń fúnni ní ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà gbàǹjo, ẹ fi ẹni tó lóhùn, tó sì mọ ènìyàn, sídìí rẹ̀, kí akọ̀wé méjì máa kọ orúkọ ẹni tó rà á àti iye tó rà á lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí ìlérí gbàǹjo tí a kò kọ máa ń di àríyànjiyàn kí Kérésì tó dé. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú iṣu náà kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè dé ilé àwọn aláìsàn àti opó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìjà

Ìlànà rẹ̀ wà nínú Mátíù orí 18: kí ẹni tí a ṣẹ̀ lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ní àwọn méjì, bí kò bá gbọ́, kí ó mú ẹnì kan tàbí méjì dání, bí kò bá tún gbọ́, kí ó sọ fún ìjọ. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń ti orí ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀, tàbí kí a gbé e gba orí pẹpẹ nínú ìwàásù tí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí a ń bá wí. Ẹ má gbà kí wọ́n lo ìwàásù báyìí. Bí ẹnì kan bá wá rojọ́ ẹlòmíràn fún yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín ni, “Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́?” Ọ̀ràn tó bá kan ìlòkulò ọmọdé, ìlu-ni tàbí olè jíjà kò sí lára èyí tí a ń parí nínú yàrá. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tí wọ́n hàn léèmọ̀ kúrò nínú ewu, kí ẹ sì gbé ọ̀ràn náà tọ ọlọ́pàá lọ, kódà bí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ìríjú.

Ìgbésẹ̀ keje: àìsàn àti ọ̀fọ̀

Nígbà ikú ni ìlú máa ń wo ìjọ kékeré dáadáa. Ẹ ti ní ètò sílẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀: ẹni tí a ó kọ́kọ́ pè, ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè dé mọ́ṣúárì, àwọn tí yóò dáná fún onílé ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tí yóò darí orin ní ìsìn àìsùn. Nínú agboolé Yorùbá, olóògbé lè jẹ́ Kristẹni kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kí àbúrò rẹ̀ sì máa bọ òrìṣà ilé. Ẹ lọ bá olórí ẹbí kí ẹ tó kéde ọjọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹbí fẹ́, ẹ sì sọ ohun tí ìjọ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe ní gbangba, láìfi ẹnu tẹ́ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Àwọn ìjọ kan máa ń ṣí ìwé kíláàsì nígbà tí òkú bá wà nílẹ̀, wọn a ní ó jẹ gbèsè, wọn a sì ní kí àwọn ọmọ san án kí a tó sin ín. Bí ẹnì kan kò bá san fún ọdún mẹ́ta, tí olórí kíláàsì rẹ̀ kò sì dé ilé rẹ̀ rí láti béèrè ìdí, ìjọ ló kọ́kọ́ jẹ ẹni yẹn ní gbèsè. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé àwọn aṣáájú nígbà tí kò sí òkú nílẹ̀, tí ara gbogbo ènìyàn balẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ kọ ọjọ́ tó pé 40 àti oṣù kẹta sínú ìwé kíláàsì. Àwọn àlejò ti lọ nígbà yẹn, ilé ti dákẹ́, opó náà sì nílò ẹni tí yóò wá jókòó tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìjọ àti ìlú

Ìjọ kékeré tí kò mọ̀ ju ìsìn tirẹ̀ lọ kò ní pẹ́ di àlejò ní ìlú rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnì kan ń ṣojú ìjọ ní ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú, kí ó sì máa mú ìròyìn padà wá. Bí ìlú bá ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára bọ̀, ẹ kéde rẹ̀, kí ẹ sì ya gbọ̀ngàn fún wọn. Ẹ lọ kí ìmáàmù àti àwọn aládùúgbò nígbà Iléyá, bí àwọn náà ti máa ń wá nígbà Kérésì.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ náà ń retí yín. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ọdún 1970, láti ìgbà náà ni àwọn ìjọ mìíràn ti ń wò ó bí ohun tí kò kan wọn mọ́. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ọmọ ìlú ni gbogbo wọn, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ìjọ lè máa kọ́ wọn ní ìṣirò àti Yorùbá ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gbà, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn ní ibi tí gbogbo ojú ti lè rí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àwọn ọmọ ìjọ tó wà lẹ́yìn odi

Ọmọ ìjọ tó wà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí London ṣì ń ka ìjọ yìí sí ilé. Ẹ ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp kan fún wọn, kí ẹ fi ìkéde ọ̀sẹ̀, orúkọ aláìsàn tó gbà kí a dárúkọ òun, àti ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta síbẹ̀. Ẹ má ṣe pè wọ́n fún owó nìkan. Ẹ ní kí wọ́n máa pe olórí kíláàsì òbí wọn láti béèrè bí ara òbí náà ṣe rí gan-an. Ní ti ìpinnu, àwọn tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kó máa ṣe é. Ẹni tó wà lókè òkun lè fẹ́ kí a wó ilé àtijọ́ kí a sì kọ́ ńlá, láìmọ̀ pé àwọn 35 tó wà nílé kò ní lè máa kùn ún lọ́dọọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: fífi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gba iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹni náà sì kéré sí yín lọ́jọ́ orí bó bá ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kúrò nínú ìjọ kékeré nígbà tí wọ́n bá rí i pé àga ni àwọn ń gbé láti ọdún dé ọdún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 17 ka owó pẹ̀lú yín, kí ó ka Bíbélì, kí ó bá yín lọ sí ìbẹ̀wò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ìwé ìpàdé nígbà tí ẹ jókòó tì í.

Ìsìn Májẹ̀mú, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, jẹ́ àkókò tó dára láti gbé iṣẹ́ fúnni, nítorí ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìjọ ń fi ara wọn fún Ọlọ́run lákọ̀tun. Ní oṣù kan ṣáájú rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ lójú ìwé kan: ọjọ́ rẹ̀, ẹni tí a ń rí fún un, ibi tí nǹkan wà, iye tí a ń ná. Ẹ kó ìwé owó, ìwé kíláàsì, kọ́kọ́rọ́ àti àkóso ẹgbẹ́ WhatsApp jọ, kí ẹ kà wọ́n lójú ìríjú méjì, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń gbà á sì fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ tàbí ìdílé bá ń gbé yín kúrò ní ìlú pátápátá, ẹ sọ fún àlùfáà ní kíákíá kí a lè yí orúkọ padà ní báńkì, kí ẹ dágbére fún ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ìjọ tuntun.